Ta Ló Wà Nílé?

Mi ò mutí, mi ò sì sùn. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń ràn lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé wa, ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri. Mo tètè ń sọ èyí nítorí mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Ẹ ó ní àlá ni. Ẹ ó ní ibà ló ń ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ká ní irọ́ ni mo fẹ́ pa, irọ́ tó máa gbé mi níyì ni màá pa, kì í ṣe èyí tó ń dójú tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ má bi mí lórúkọ. Àwọn tó mọ̀ mí ní Àgọ́-Ìwòyè á ti fura kí n tó sọ̀rọ̀ débì kan. Kí wọ́n fura. Ó ti sú mi láti máa gbé e kiri.

Láptọ̀ọ̀pù ni mo ń tún ṣe. Ọmọ yunifásítì ni mí, ìmọ̀ físíìsì ni mò ń kà, ṣùgbọ́n tábìlì ìjẹun Mọ́mì mi ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin sì ni mí o. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ fi mí ṣẹlẹ́yà títí. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ irun dídì. Wọ́n wá ń pè mí ní Ẹnjiníà láti fi mí rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ lọ. Ẹ rántí ìyẹn. Orúkọ yẹn ni mò ń gbèjà rẹ̀ tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo mọ iṣẹ́ mi. N kò sọ ìyẹn láti fọ́nnu, kí ẹ lè mọ̀ ni pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló kó bá mi. Kí n tó tú ẹ̀rọ, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé, kí iná tó bá wà lára mi lè lọ sílẹ̀. Mo ní páálí kan tí mo ya ìdí láptọ̀ọ̀pù sí. Sukúrù tí mo bá tú, ibi tó ti jáde ni mo ń gún un mọ́ lórí páálí náà, kí ó má baà di pé mò ń wá a kiri lábẹ́ àga.

Ọjọ́ tí oníbàárà mi kan, Bọ̀dá Dáyọ̀, kọ́kọ́ wá, kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ta ló wà nílé?"

Mo ní èmi nìkan ni. Ìgbà yẹn ló tó ṣí géètì.

Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe é. Ìgbà kejì tó wá, mo ní Mọ́mì mi wà ńlé pẹ̀lú àlejò kan tó wá láti Abígí, ní ìhà Wọ́tásáìdì lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin yìí kò dá mi lóhùn ju "màá padà wá" lọ. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá yẹn padà nínú oòrùn, ó forí lé Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún Mọ́mì pé oníbàárà mi kan ń sá fún àgbàlagbà. Ẹ̀rín la fi rín.

Láptọ̀ọ̀pù géèmù ni, irú èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń tan iná pupa, tó sì wúwo bí ọmọ tó ti ń jókòó. Kò fi gbá géèmù púpọ̀. Ilé ló fi ń yà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á wá bá a, Bọ̀dá Dáyọ̀ á ya yàrá àti pálọ̀ àti òrùlé sórí ẹ̀rọ, á yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni pé ilé náà ti dúró. Ohun tó ń bọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ìyàwó náà sì wà nínú oyún. Ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná, á kú pii.

Lọ́jọ́ tó padà gbé e wá, ìdí rẹ̀ gbóná débi pé mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Òun fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni gbé àwo ìrẹsì. Nígbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ìka wa kanra. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù.

Mo tú u. Inú fáànù ẹ̀rọ, eruku la máa ń bá níbẹ̀, àti irun, àti aáyán nígbà mìíràn. Iyanrìn ni mo bá. Iyanrìn funfun kíkúnná, àti ìkarahun kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Mo fi hàn án.

"Mo ti gbé ẹ̀bá omi rí," ó ní, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú ìkarahun náà, ó fi í sápò.

Mo nu fáànù, mo ha ìpara gbígbẹ kúrò lórí ọkàn ẹ̀rọ, mo fi tuntun sí i kí ooru lè máa rí ọ̀nà jáde. Gbígbóná tán. Ìyẹn, mo ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó kù kí n fi mẹ́mórì tuntun sí i. Fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gùn bí ìka, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń to iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bó bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀rọ ṣe ń yá tó. Àyè méjì ló wà fún un nínú láptọ̀ọ̀pù yẹn. Bọ̀dá Dáyọ̀ ti ránṣẹ́ ra méjì ńláńlá láti Èkó, ó fi bébà wé wọn, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi náà ní láptọ̀ọ̀pù géèmù tèmi, tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo gbé ọ̀kan nínú mẹ́mórì yẹn, mo ní kí n kàn fi dán tèmi wò. Mo fi sí i. Ẹ̀rọ mi sáré bí ẹṣin. Mo gbá géèmù kan, mo gbá èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, n kò lè yọ ọ́ mọ́. Ojú kòkòrò ni, kò lórúkọ míì.

Nígbà tó dé, mo ti fi ẹyọ kan sínú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì ti di ìdí rẹ̀ pa.

"Bọ̀dá, àyè kejì ti jó," mo ní, mo tún mi orí bí dókítà. "Kò gba nǹkan kan mọ́. Èyí tí mo ń dán wò nínú rẹ̀ náà bá a lọ."

Ó wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó bínú. Ó ní, "Ó jó?" Mo ní, "Ó jó." Ó dúpẹ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi padà wá. Ó bèèrè lẹ́nu géètì, mo dáhùn, ó wọlé. Ó ní kò gbóná mọ́ o, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n bí òun bá ya ilé alájà méjì, ńṣe ló ń takú, bó ṣe wà kí òun tó ra nǹkan tuntun náà ló wà. Ìyàwó òun ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Ilé kan ló kù tí òun gbọ́dọ̀ yà parí kó tó bímọ.

"Ẹ jẹ́ ká jọ dán àyè kejì yẹn wò lójú mi," ó ní. "Bóyá kì í ṣe pé ó jó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá àwáwí. Mo ní bátìrì mi ti kú, mo ní iná ò sí, mo ní kó fi í sílẹ̀, kó padà wá l'Ọ́jọ́bọ̀ ní agogo mẹ́rin. Ó gbà.

Bó ṣe lọ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ara mi. Bó bá rí i pé àyè náà dára, á bèèrè pé mẹ́mórì òun dà. Ọ̀rọ̀ á dé etí àwọn ọkùnrin tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Á dé etí Mọ́mì mi, tíṣà tí gbogbo àdúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó ń ka Bíbélì kíkà kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré. N kò mọ̀ pé ó máa bá mi mu.

Mo wá ronú pé, bí mo bá jó àyè náà ní tòótọ́ ńkọ́? Ẹ gbọ́ bí èrò náà ti burú tó. Mo fẹ́ ba ohun ìjẹun ẹlòmíràn jẹ́ kí irọ́ mi lè di òótọ́. Mo mú sukudiráfà kékeré. Mo ní kí n kọ́kọ́ yọ bátìrì, kí iná má baà gbé èmi gan-an. N kò tíì yọ bátìrì yẹn rí. Nígbà tí mo gbé e kúrò, mo rí téèpù funfun kan lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ̀wé sí i: Adédèjì, Ìwọ̀pín, àti nọ́ńbà fóònù kan.

Kì í ṣe Dáyọ̀. Ìwọ̀pín sì rèé, Wọ́tásáìdì lọ́hùn-ún ni.

Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn bí ẹni rówó he. Ọkùnrin yìí ló jí ẹ̀rọ, mo ní. Ìdí nìyẹn tó fi ń bèèrè ẹni tó wà nílé kó tó wọlé. Olè ò lè pe olè lólè. Bí mo bá tú àṣírí rẹ̀, ta ni yóò tún rántí bèèrè mẹ́mórì?

Mo pe nọ́ńbà náà. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Adédèjì?"

Ó ní, "Ta ní ń bèèrè?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí bóyá àpá áyọ́ọ̀nù wà ní etí ẹ̀rọ náà, lápá òsì. Mo yí i wò. Ó wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi ló ni ín," ó ní. "Ọkọ̀ ojú omi ló dojú dé. Ó di ọdún mẹ́rin. Wẹ́n rí òkú ẹ̀, wẹ́n ò rí báàgì ẹ̀." Ìjẹ̀bú ẹ̀bá omi ló ń sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Ẹni tó ń lò ó nísinsìnyí, irú èèyàn wo ni?"

"Olè ni, sà," mo ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn yá mi lẹ́nu. Ẹ wo ẹnu tó ti jáde.

Mo ní bí ó bá máa pe ọlọ́pàá, ẹni náà ń bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ọlọ́pàá. Ó ní fọ́tò ọmọ òun tó bá wà nínú rẹ̀ lòun fẹ́, pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ti ń parẹ́. Ó ní òun á wá fúnra òun.

Ọ̀sán gangan Ọjọ́bọ̀ ló dé. Ọkùnrin gíga, fìlà funfun, ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ bébà tó wà nílùú wọn lọ́hùn-ún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tìdí ọkọ̀ bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó na ọ̀rá kan sí mi, ẹja gbígbẹ ni, ìyàwó rẹ̀ ló yan án.

"Ìyá Dèjì ní kí n gbé e fún ẹ," ó ní. "Ó ní ọmọ olóòótọ́ ni ẹ́. Àwọn míì á ti tà á."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ǹjẹ́ wọ́n ti yìn yín rí tí ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu? Mo gba ẹja. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo mú un wọ yàrá Mọ́mì mi tó kángun sí pálọ̀, mo fún un ní àga, mo fa kọ́tìnì. Mọ́mì wà níléèwé. Mo ní bí ẹni náà bá ti jókòó, màá wúkọ́, kí ó jáde.

Agogo mẹ́rin lù. Mo gbọ́ ọwọ́ lára géètì.

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló wà nílé?"

Mo wo kọ́tìnì. Kò mì.

"Kò sẹ́nìkan," mo ní. "Èmi nìkan ni."

Ó dúró díẹ̀. "Ṣó dá yín lójú?"

"Ẹ wọlé jàre, oòrùn ń pa yín."

Ó wọlé. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́ tó fi wọlé. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n fò ó.

Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí kọ́tìnì. Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé, mo ń tú sukúrù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gún wọn mọ́ páálí. Mo ń wá ìgbà tí màá wúkọ́. Bọ̀dá Dáyọ̀ wò mí títí, ó wá sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Ẹnjiníà, ẹyọ kan yẹn," ó ní, "bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ máa lò ó. Mi ò bá yín jà. Ká ní ẹ tọrọ rẹ̀ ni, màá fún yín. Ẹ ṣáà fi ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ sí àyè kejì fún mi, kí n lè fi parí ilé yẹn kí Ṣadé tó bímọ."

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti mọ̀.

N kò tíì rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dìde, kó máa lọ, pé èèyàn wà nínú yàrá, pé mo ti parọ́ fún un. Mo la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra, mo la ẹnu. N kò wúkọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bàbá ti gbọ́ ohùn.

Òrùka kọ́tìnì dún lórí irin.

"Dèjì," bàbá náà ní, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Bọ̀dá Dáyọ̀ kò yíjú padà. Èmi ló ń wò. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì pọ́n. Ó ní, "Ẹ ní kò sẹ́nìkan."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ àkúdàáyà fún gbogbo wa. Ẹni tó kú níbì kan tó lọ ń gbé ibòmíràn, tó ń jẹ, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi fojú kàn án. Wọ́n ní bó bá ti rí ẹni rẹ̀, á sá ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Géètì ò ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá sá, bóyá bàbá ì bá tiẹ̀ má rí ojú rẹ̀, bóyá ó ì bá ṣì wà ní Òkè-Àgbò lónìí.

Kò sá. Ó dìde, ó yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa, àyà àti iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, bí bàbá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ti ìdálẹ̀ dé. Mo rí ọwọ́ náà tó ń lọ sílẹ̀. Ó lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó kan sìmẹ́ńtì. Omi ni. Omi tó tẹ́ lọ gbọọrọ, ó gùn tó ọkùnrin, ó ń rùn bí ẹ̀bá ọ̀sà. Àga tó jókòó lé ń mì díẹ̀ síbẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu níta.

Sukúrù tó wà lọ́wọ́ mi bọ́, títí dòní n kò rí i.

Bàbá kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èèwọ̀ ni, bàbá kì í sìnkú ọmọ," ó ní. "Wẹ́n ò jẹ́ kí n dé ibojì ẹ̀, wẹ́n ò jẹ́ kí n rójú ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọmọ ọlọ́mọ ni wẹ́n sin." Ó nu ọwọ́ lára ẹ̀wù. "Ó sanra díẹ̀. Ṣé o rí i? Ó ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Níbo ló ń gbé?"

Ẹ gbọ́ mi. Mo mọ Òkè-Àgbò. Mo mọ Ṣadé. Mo mọ̀ pé ọmọ ọmọ bàbá yìí wà nínú oyún, kò ju ìrìn ọ̀kadà kan sí ibi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á lọ bá Ṣadé, Ṣadé á bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì padà já sí mẹ́mórì kan tó gùn bí ìka.

"Mi ò mọ̀, sà," mo ní.

Ó mi orí. Mo gbé láptọ̀ọ̀pù fún un, kò gbà á. Ó ní, "Fọ́tò kí ni mo tún ń wá?" Mo fẹ́ dá ẹja padà, kò gbà á náà. Mo sìn ín dé títì, ó wọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín tèmi ni mo sá fún, mo wá fi ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mọ́mì dé, ó bèèrè ẹni tó da omi sí pálọ̀. Mo ní èmi ni. Ó kéré tán, ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo yọ mẹ́mórì rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ mi, mo fi sí àyè kejì nínú tirẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tàn, iná pupa yọ, ilé alájà méjì tó ń yà lọ́wọ́ hàn, wíńdò ló kù tí kò tíì sí.

Ọjọ́ kẹta ni Ṣadé wá, ó fọwọ́ ti ìdí, oyún ti sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ ni, òwú ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ṣé Dáyọ̀ dọ́dọ̀ yín l'Ọ́jọ́bọ̀?"

Mo ní ó dé.

"Ṣó sọ ibi tó ń lọ?"

Mo wo ibi tí omi ti tẹ́ sí. Mo ní ó rìnrìn àjò.

Ó rìnrìn àjò! Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbàlagbà fi ń bo ikú kó má baà pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, mo fi bo ara mi. Ṣadé jókòó, ó ní Dáyọ̀ ti máa ń sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé bí ó bá pẹ́ níta lọ́jọ́ kan, kí òun má wá a, kí òun wá gbé ẹ̀rọ lọ́dọ̀ Ẹnjiníà. "Ó ní ẹ ó ti tún un ṣe. Ó ní èèyàn dáadáa ni yín." Mo bá a gbé báàgì náà dé ìdí ọ̀kadà. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó ti bímọ báyìí. Ọkùnrin ni. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo sì mọ iwájú orí yẹn, ti ọkùnrin gíga tó gbé ẹja wá fún mi ni. Nọ́ńbà bàbá náà àti ti Ṣadé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí páálí sukúrù mi. Bí mo bá pe méjèèjì, ọmọ náà á ní bàbá àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti tẹ nọ́ńbà náà, mo ti pa á, n kò mọye ìgbà. Bó ti ń pẹ́ sí i ni ó ń ṣòro sí i, nítorí wọ́n á tún bèèrè ìdí tí mo fi dákẹ́ títí di ìsinsìnyí.

Mo ti palẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ẹnjiníà, mo máa ń díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Omi yẹn gbẹ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí Mọ́mì bá gbá pálọ̀, ó máa ń ráhùn pé ta ló ń kó iyanrìn wọlé.

Ìkìlọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín tó bèèrè ẹni tó wà nílé, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ má bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ má rò pé ìbéèrè lásán ni. Ẹ ka gbogbo yín, kí ẹ tó ní kó wọlé.

Nítorí ó ṣì ń wá. Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin, yálà oòrùn ni tàbí òjò. Mo máa ń gbọ́ ọwọ́ lára géètì, ohùn náà á ní, "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló wà nílé?" Mo máa ń dáhùn, mo ti dẹ́kun irọ́ pípa fún un. Bó bá jẹ́ èmi àti Mọ́mì, màá ní èmi àti Mọ́mì. L'Ọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, èmi nìkan ni lóòótọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé. Mo gbọ́ tó dúró díẹ̀ lẹ́yìn géètì, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń padà lọ.

Kò gbà mí gbọ́ mọ́.